Èwo Gan-an Ni Ti Òkú? Ogún Pínpín nínú Ìdílé Mùsùlùmí ní Ìmàṣàyí

Bí bàbá mùsùlùmí bá kú ní Ìmàṣàyí, oòrùn ọjọ́ náà kì í sábà wọ̀ kí wọ́n tó sin ín. Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn àlùfáà á jókòó ṣe fìdáù fún un, àwọn ọmọ tó wá láti Èkó àti Abẹ́òkúta á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ogún nìkan ló máa ń wà nílẹ̀ láìyanjú. Ọdún kan á di mẹ́ta, mẹ́ta á di mẹ́wàá, títí ọ̀kan nínú àwọn ajogún fúnra rẹ̀ á fi kú, tí ogún méjì á wá lọ́ mọ́ra wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìṣirò inú Àlùkùránì ló le. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àlùfáà tó mọṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, kó sì ti parí rẹ̀ kí ìrun àsárì tó tó. Ohun tó ń tú ilé ká ni pé wọn kì í kọ́kọ́ jókòó bi ara wọn pé: nínú gbogbo ohun tí ojú wa ń rí yìí, èwo gan-an ni ti òkú?

Ìmàṣàyí wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Yewa, tí olú rẹ̀ wà ní Ayétòrò. Iṣẹ́ oko ló gbé àgbègbè náà ró: ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọ̀pẹ, obì, kòkó. Ilẹ̀ tí bàbá kan ń ro níbẹ̀ lè jẹ́ oríṣi mẹ́ta, ojú lásán kò sì lè fi ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Èyí tó jẹ́ ilẹ̀ ẹbí wà níbẹ̀, tí baba ńlá wọn tẹ̀dó sí, tí bàbá kàn ń jẹ nínú rẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ẹbí. Èyí tó fi owó ara rẹ̀ rà wà níbẹ̀. Èyí tó gbà lọ́wọ́ onílẹ̀ láti máa dáko, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lé lórí, náà wà níbẹ̀. Kìkì èyí tó rà ló jẹ́ ohun ìní rẹ̀ délẹ̀délẹ̀, tí òfin ogún Ìsìláàmù lè mú lódindi. Ilẹ̀ ẹbí kò kú pẹ̀lú ẹnìkan. Àwọn ọmọ rẹ̀ á máa bá a lọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹbí, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò lè gé ìdá mẹ́jọ lára rẹ̀ fún opó bí ẹni pé bàbá nìkan ló ni ín. Ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ti onílẹ̀ ni. Ohun tó wà lórí rẹ̀ nìkan ni ẹni tó kú lè ní ẹ̀tọ́ sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ariwo ni igi tó wà lórí ilẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin obì sórí ilẹ̀ ẹbí ní ogójì ọdún sẹ́yìn, ó ń ká a, ó ń tà á. Ta ló ni obì náà nígbà tó kú? Àwọn àbúrò bàbá á ní ilẹ̀ ló ni igi. Àwọn ọmọ á ní ẹni tó gbìn ín ló ni ín. Ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ yanjú níwájú olórí ẹbí kí wọ́n tó ké sí àlùfáà rárá, nítorí àlùfáà kò lè pín ohun tí olóhun rẹ̀ kò tíì dá lójú. Lọ́dún 2012 ni iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbèsè, nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, owó ilẹ̀ ní àgbègbè yẹn kò sì rí bíi ti àtijọ́ mọ́. Ààlà tí àwọn bàbá wa ń fi pẹ̀rẹ̀gún nìkan sàmì sí, tí wọ́n sì gbà láìjiyàn, ti di ohun tí ọmọ ìyá kan náà ń gbé ara wọn lọ sí kóòtù lé lórí.

Ilé náà ní tirẹ̀. Ọmọkùnrin tó wà ní Èkó fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n fi kan òrùlé. Ṣé ó fi ta bàbá rẹ̀ lọ́rẹ ni, àbí ó yá a, àbí àjùmọ̀kọ́ ni? Bí ó bá jẹ́ ọrẹ, ilé di ti bàbá, ó sì wọ inú ogún. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yáwó, gbèsè ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ìyàwó ló fi owó èésú rẹ̀ rà á, tirẹ̀ ni, kò sì sí àbúrò ọkọ tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìsìláàmù kò da ohun ìní ọkọ pọ̀ mọ́ ti aya. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé mo rí i pé ọjà inú ṣọ́ọ̀bù obìnrin ni àwọn ẹbí ọkọ kọ́kọ́ máa ń tì, kí ó tó ráyè jókòó sí ilé opó rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ̀sìn là kalẹ̀. Ìwà ìkà ni, bí wọ́n tilẹ̀ pè é ní ìtọ́jú ogún.

Owó tó wà ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọ inú ogún, bẹ́ẹ̀ náà ni owó tí àwọn èèyàn jẹ òkú. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ kò wọ ọ́. Olóhun ni wọ́n ń dá a padà fún. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù báńkì pé òun ni kí wọ́n pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kò di ajogún nípa bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti fi orúkọ orí fọ́ọ̀mù yẹn jà, tí wọ́n ní bàbá fi owó náà fún àwọn nìkan. Ẹni tí ìròyìn yóò kọ́kọ́ kàn ni báńkì kọ sílẹ̀. Báńkì fúnra rẹ̀ á béèrè ìwé àṣẹ láti ilé-ẹjọ́ gíga kó tó tú owó náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ ti òkú ni ètò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì ní títò tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yí padà. Owó ìsìnkú ló ṣáájú. Ohun tí ìsìnkú túmọ̀ sí níbí ni aṣọ ìdìkú, omi ìwẹ̀ àti ilẹ̀ sàréè. Màlúù tí wọ́n pa ní ọjọ́ kẹjọ, abọ́ ìrẹsì àti aṣọ ẹbí kò sí nínú rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ ṣe àlejò, kí wọ́n fi owó àpò wọn ṣe é. Bí ọmọ kékeré bá wà láàrin àwọn ajogún, màlúù tí wọ́n fi owó ogún rà, lára ìpín ọmọ aláìníbaba yẹn ni wọ́n ti gé ẹran jẹ, Àlùkùránì sì kìlọ̀ gidigidi nípa ẹni tó bá jẹ ohun ìní irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Gbèsè ló kàn. Sàdáákì tí ọkọ kò tíì san fún ìyàwó rẹ̀ wà nínú gbèsè náà. Bí ó bá jẹ́ ìlérí ni ó fi fẹ́ ẹ, tí ọdún mẹ́rìnlélógún kọjá tí kò san án, obìnrin náà á kọ́kọ́ gba tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olówó kí ó tó wá gba ìpín opó. Díẹ̀ ni ìdílé tó ń rántí èyí. Lẹ́yìn gbèsè ni wasíyà, ohun tí olóògbé ní kí wọ́n fún àwọn ẹlòmíràn, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́ta ohun tó kù lọ. Saad ọmọ Abu Waqqas, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, ṣàìsàn ní Mẹ́kà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló sì ní nígbà náà. Ó fẹ́ fi ìdá méjì nínú mẹ́ta ọrọ̀ rẹ̀ tọrẹ, Ànábì kọ̀. Ó ní ìdajì ńkọ́, Ànábì tún kọ̀. Nígbà tó dé orí ìdá mẹ́ta, Ànábì gbà, ó sì ní ìyẹn gan-an ti pọ̀. Wasíyà kò wà fún ẹni tó ti ní ìpín nínú ogún, àyàfi bí àwọn ajogún yòókù bá fọwọ́ sí i. Bàbá tó bá fẹ́ fi wasíyà gbé ilé fún ọmọ tó fẹ́ràn jù ti ṣìnà láti ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò. Ká ní bàbá kan kú, ó fi ìyàwó méjì sílẹ̀, ìyá rẹ̀ arúgbó ṣì wà láyé, ó ní ọmọkùnrin mẹ́ta àti ọmọbìnrin mẹ́rin. Ìyáálé ló bí márùn-ún nínú wọn, ìyàwó kejì bí méjì. Lẹ́yìn ìsìnkú, gbèsè àti wasíyà, ohun tó kù tó mílíọ̀nù 12 náírà. Súúrà An-Nisaa, ẹsẹ 11 àti 12, ni àlùfáà á ṣí. Nítorí pé ọmọ wà, àwọn ìyàwó jọ ní ìdá mẹ́jọ kan láàrin ara wọn. Ìyá ní ìdá mẹ́fà kan. Ohun tó kù jẹ́ ti àwọn ọmọ, ọkùnrin kan sì gba ti obìnrin méjì. Àlùfáà á wá iye tí 8 àti 6 lè pín láìṣẹ́kù, 24 sì ni. Ti àwọn ìyàwó nínú 24 jẹ́ 3, ti ìyá jẹ́ 4, ti àwọn ọmọ jẹ́ 17. Ní owó, àwọn ìyàwó gba 1,500,000, ìyẹn 750,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà gba 2,000,000. Àwọn ọmọ ní 8,500,000: ọkùnrin mẹ́ta dúró bí mẹ́fà, obìnrin mẹ́rin dúró bí mẹ́rin, ìpín mẹ́wàá lápapọ̀. Ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan gba 850,000, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan 1,700,000. Kò sí kọ́bọ̀ tó kù.

Ìgbà mìíràn wà tí ìpín máa ń ju odindi lọ. Ẹni tó fi ìyàwó kan, ọmọbìnrin méjì, bàbá àti ìyá sílẹ̀: 3, 16, 4 àti 4 nínú 24, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á pín ogún náà sí 27 dípò 24, kí gbogbo wọn jọ pàdánù díẹ̀díẹ̀. Ìtàn ní orí mínbárì ni Khalifa Ali wà nígbà tí wọ́n bi í ní irú ìbéèrè yìí, ó sì dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé ìdá mẹ́jọ obìnrin náà ti di ìdá mẹ́sàn-án.

Ẹ wá gbé bàbá tí a kọ́kọ́ sọ yẹn sórí òṣùwọ̀n àṣà Yorùbá. Bí wọ́n bá pín ín ní ìdí igi, ìyẹn ní iye ìyàwó tó bímọ, ìdí méjì ló wà, ìdí kọ̀ọ̀kan á gba mílíọ̀nù 6. Àwọn ọmọ ìyáálé márùn-ún á gba 1,200,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ìyàwó kejì á gba mílíọ̀nù 3 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ìyẹn ní iye ọmọ, ọmọ méjèèje á gba ohun tó lé díẹ̀ ní 1,714,000, ọkùnrin àti obìnrin bákan náà. Nínú méjèèjì, ìyá òkú kò rí nǹkan, àwọn opó kò rí nǹkan. Inú ìpín àwọn ọmọ wọn ni wọ́n á ti máa jẹ. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tún sọ ọ́ ní ọdún 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi, pé lábẹ́ àṣà Yorùbá opó kò ní ogún nínú ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá ń sọ pé Ìsìláàmù fi ìyà jẹ obìnrin nínú ogún, kó wo ìyàwó àti ìyá kó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì ń sọ pé àṣà wa ṣe dáadáa fún obìnrin, òótọ́ ni lórí ọmọbìnrin: àṣà Yorùbá mọ ọmọbìnrin gẹ́gẹ́ bí ajogún.

Ìdí igi àti orí-ò-jorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá nìkan. Ní Èkó, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Suberu Dawodu kú, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, láìkọ ìwé ìhágún. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní orí-ò-jorí ló bá ayé òde òní mu. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti ìjọba àpapọ̀ yí i padà ní 1958, wọ́n ní ìdí igi ni àṣà, àyàfi bí olórí ẹbí bá pinnu pé orí-ò-jorí ló yẹ nítorí ìjà. Ẹjọ́ náà dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fara mọ́ ìdí igi ní 1962. Ẹ wo orúkọ ọkùnrin náà, ẹ sì wo òfin tí wọ́n fi pín ohun tó ní. Bí mùsùlùmí Yorùbá kò bá sọ ohun tó fẹ́, àṣà ìdílé rẹ̀ ni kóòtù máa ń kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò.

Ìpínlẹ̀ Ògùn kò ní kóòtù ṣàríà. Ìwé òfin ọdún 1999, abala 275, gba ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ẹ láyè láti dá Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà sílẹ̀. Kwara ní tirẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn kò ní. Ọwọ́ àwọn àlùfáà àti ìfohùnṣọ̀kan ìdílé ni pínpín ogún ní ìlànà Ìsìláàmù kù sí. Ìfohùnṣọ̀kan yìí ló máa ń já nígbà tí olúkúlùkù bá ṣe ìṣirò tirẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ọmọ ìyàwó kejì tí à ń sọ yìí rí i pé ìdí igi sàn fún òun, bó sì jẹ́ pé ọkùnrin ni, owó tirẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Ìsìláàmù. Ló bá rántí àṣà. Ọmọkùnrin ìyáálé rí i pé Ìsìláàmù sàn fún òun ju ìdí igi lọ. Ló bá rántí Àlùkùránì. Ọmọbìnrin ìyáálé rí i pé orí-ò-jorí ló dáa fún òun. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ń wá òdodo. Bàbá nìkan ló lè dá wọn dúró, nígbà tó ṣì wà láyé, nípa kíkọ ìwé ìhágún tó sọ gbangba pé kí wọ́n pín ohun ìní òun ní ìlànà Ìsìláàmù, tí ẹlẹ́rìí méjì tí kò sí lára àwọn ajogún sì fọwọ́ sí i níwájú rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i lórí ọkùnrin kan fún obìnrin méjì. Òfin tó fún ọmọkùnrin ní ìlọ́po méjì náà ló gbé bùkátà lé e lórí: ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ bí kò bá ní, arábìnrin rẹ̀ tí kò ní olùtọ́jú. Owó obìnrin jẹ́ tirẹ̀ nìkan, kò sí ẹni tó lè fi dandan lé e pé kó fi bọ́ ilé. Ọkùnrin tó gba 1,700,000 tí kò sì béèrè ohun tí ìyá rẹ̀ jẹ, ìdajì òfin ló mú, ó sọ ìdajì yòókù nù. Àṣà burúkú mìíràn wà tí mo bẹ̀bẹ̀ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀: wọ́n á ní kí àwọn ọmọbìnrin tó ti lọ ilé ọkọ ní Sawonjo tàbí Igan Aládé “yọ̀ǹda” ìpín wọn fún àwọn arákùnrin, kí wọ́n tó sọ iye rẹ̀ fún wọn pàápàá. Ènìyàn kò lè yọ̀ǹda ohun tí kò mọ iye rẹ̀. Lẹ́yìn ogun Uhud, níbi tí Saad ọmọ Rabii ti kú, arákùnrin rẹ̀ kó gbogbo ohun tó ní. Opó rẹ̀ mú ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì lọ sọ́dọ̀ Ànábì. Ìdájọ́ tó wáyé ni pé kí arákùnrin náà fún àwọn ọmọbìnrin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, kó fún opó ní ìdá mẹ́jọ, kó wá mú èyí tó bá ṣẹ́kù.

Ní Yewa, mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ máa ń wà nínú agbo ilé kan. Ọmọ tí kì í ṣe mùsùlùmí kì í jogún bàbá rẹ̀ mùsùlùmí nínú ìṣirò yìí, bẹ́ẹ̀ ni mùsùlùmí kì í jogún ẹni tí kì í ṣe mùsùlùmí. Ó máa ń dun ọ̀pọ̀ bàbá, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Ọ̀nà wà síbẹ̀: irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ajogún, nítorí náà wasíyà tọ́ sí i, títí dé ìdá mẹ́ta. Bákan náà ni ọmọ-ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú ṣáájú bàbá àgbà. Bí arákùnrin bàbá rẹ̀ bá wà láyé, kò ní ìpín kankan. Íjíbítì rí ìnira yìí, wọ́n sì ṣe òfin ní 1946 tó fi dandan fún irú ọmọ-ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ipò nínú wasíyà. Pàkísítánì ṣe tirẹ̀ ní 1961, wọ́n jẹ́ kó dúró sí ipò òbí rẹ̀ tó kú. Ní Ìmàṣàyí, kò sí òfin tó máa ṣe é. Bàbá àgbà gbọ́dọ̀ rántí rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdílé tó bá ní ilé tàbí ilẹ̀ ní òdìkejì ààlà, ní Kétu tàbí Pobè, kó mọ̀ pé òfin ibẹ̀ yàtọ̀. Òfin ìdílé tí orílẹ̀-èdè Benin ṣe ní 2004 fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ní ìpín kan náà.

Nígbà tí wọ́n bá dé orí ilẹ̀ gan-an, ìṣirò náà á bọ́ sí oko. Wọ́n á rìn ín yí ká, àgbàlagbà tó mọ ààlà á máa fi àdá kan ìdí pẹ̀rẹ̀gún kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀dọ́ á máa fi okùn wọ̀n ọ́n tẹ̀lé e, wọ́n á ka igi obì kọ̀ọ̀kan tó ń so àti èyí tó ti gbó. Mo fara mọ́ kí wọ́n díye lé gbogbo rẹ̀ ní owó ju kí wọ́n gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, nítorí pé ìpín opó lára éékà méjì kì í ju abala kékeré lọ. Ajogún tó fẹ́ oko náà lè ra ìpín àwọn yòókù ní iye tí gbogbo wọn gbà, Ìsìláàmù sì fọwọ́ sí i. Bí kò bá sí ẹni tó lè rà á, kí wọ́n tà á, tàbí kí wọ́n jọ ní in, kí wọ́n máa pín owó obì lọ́dọọdún ní ìlànà ìpín yẹn kan náà, 3, 4 àti 17.

Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà: ohun tó jẹ́ ti òkú, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ àti ẹni tó ni ín, gbèsè tí wọ́n san àti ẹni tí wọ́n san án fún, ìpín olúkúlùkù. Àwọn ajogún àti àlùfáà á fọwọ́ sí i, olórí ẹbí á fọwọ́ sí i nítorí ilẹ̀ ẹbí tí wọ́n yọ sọ́tọ̀, ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ á tẹ ìka. Ẹ̀dà kan á wà lọ́wọ́ ajogún kọ̀ọ̀kan, àwọn opó méjèèjì àti àwọn ọmọbìnrin tó wà nílé ọkọ pẹ̀lú.